Ìwé Epo

Ìwé kékeré kan wà nínú àpò iwájú mọ́tò mi,
ìwé ọmọ iléèwé, tí ìsọdipúpọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀.
Mo fi okùn so bírò mọ́ ọn kí àwọn ọmọ má baà gbé e lọ.

Nílé epo tó wà ní ìyànà Nọ́fọ́rìjà
mo máa ń wí pé: "Rọ ọ́ kún dé ọ̀fun."
Fáúsátù á rẹ́rìn-ín:
"Tíṣà, ẹ tún ti mú ìwé yín dé.
Ṣé ẹ fẹ́ fún mọ́tò ní máàkì ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni, máàkì ni mo ń fún un.
Iye kìlómítà tí a rìn,
mo fi iye lítà tó wọlé pín in.
Oṣù Ṣẹẹrẹ: mẹ́wàá.
Mẹ́wàá péré lórí lítà kan,
mọ́tò tí ẹni tó tà á fún mi búra pé
òórùn epo ló ń fà símú, kì í mu ún.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí wá olè.
Mùdáṣírù fọgannáísà tẹ táyà wò lábẹ́ igi ìyeyè:
"Ẹsẹ̀ mọ́tò yín ti rọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù."
Ó fẹ́ ẹ. A dé mẹ́wàá àbọ̀.
Mo ṣí búùtù:
àpò sìmẹ́ǹtì kan tó ti dòkúta láti èṣí,
àti ọlọ tí ìyàwó mi ní ká gbé fún ìyá òun ní Agbówá,
tí a ò gbé lọ títí ìyá fi kú.
Sìmẹ́ǹtì ni mo sọ̀ kalẹ̀.
Ọlọ ọ̀hún, n kò lè fọwọ́ kàn án.
Mọ́kànlá, pẹ̀lú ọlọ.

Àmọ́ àwọn ọ̀sẹ̀ kan wà tó já wálẹ̀ sí mẹ́jọ,
ọ̀nà kan náà, Epe sí Ìtóìkín, Ìtóìkín sí Epe,
táyà le, títì dá.
Mo fura sí Fáúsátù, pé bóyá mítà wọn ló ń parọ́.
Mo gbé kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún lọ;
márùn-ún gééré ló gbà. Ojú tì mí.

Lálẹ́ ọjọ́ kan ni mo wá ka àwọn déètì ibẹ̀
bí ẹni ń ka ìwé ẹ̀sùn.
Kẹrìnlá oṣù Ẹrẹ́nà: ìpàdé ẹbí lórí ilẹ̀ Òkè-Ọ̀ṣọ̀,
níbi tí ẹ̀gbọ́n mi Ọ̀sísànyà ti pè mí
ní àbíkẹ́yìn tó fẹ́ jogún iwájú.
Mẹ́jọ.
Ọjọ́ kejì oṣù Igbe: ó ní kí lọ́yà kọ̀wé sí mi.
Mẹ́jọ, kò tilẹ̀ pé.

Mo wo ẹsẹ̀ ọ̀tún mi lábẹ́ tábìlì,
ó jókòó jẹ́jẹ́ nínú sálúbàtà,
bí ọmọ tó ṣẹ̀ tí kò fẹ́ kí wọ́n pe orúkọ òun.
Ìwọ ni.
Ẹnu mi dákẹ́ níwájú àwọn àgbà;
ìwọ lo gbé èsì mi jáde sórí títì,
o tẹ iná, o tẹ bíréèkì, o tún tẹ iná,
o ń fi owó epo bá ẹ̀gbọ́n mi jà.

Nísinsìnyí, bí mo bá ti kọjá Pọ́ka,
mo ti ń wo ọ̀ọ́kán: ewúrẹ́ ń bọ̀, gegele ń bọ̀,
mo ti gbẹ́sẹ̀ kúrò.
Mọ́tò ń yí lọ fúnra rẹ̀
bí ọkọ̀ apẹja tó ti gbé àjẹ̀ sókè
tí omi ọ̀sà ṣì ń rántí ọwọ́ rẹ̀.
Àwọn ọmọ ìwòyí ń fọn fèrè lẹ́yìn mi:
"Bàbá, ṣé ẹ sùn ni?"
N kò sùn. Mo ń pín.

Ìwé náà kò sọ pé sùúrù ni baba ìwà.
Ó kàn sọ pé: mẹ́tàlá.
Pẹ̀lú ọlọ.

Ẹjọ́ ilẹ̀ ṣì wà ní kóòtù, wọ́n sún un sí oṣù tó ń bọ̀.
Mo ti wọn ọ̀nà ibẹ̀ láti ilé mi: kìlómítà mẹ́rin.
Lọ́jọ́ náà,
màá fẹsẹ̀ rìn.